Ayékòótọ́ àti Ẹni Tó Ni Ẹyẹ

Olóyè Bísí Ọnàbánjọ ló fi orúkọ Ayékòótọ́ kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn kó tó di gómìnà Ìpínlẹ̀ Ògùn ní 1979. Orúkọ odídẹrẹ́ ni. Ohun tó fi ń sọ fún wa ni pé òtítọ́ lòun ń wí, ayé ni kò fẹ́ gbọ́. Orúkọ náà dára, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti sin odídẹrẹ́ rí mọ̀ pé ohun tí wọ́n bá kọ́ ọ nílé olówó rẹ̀ ni yóò máa wí. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ yẹ ìwé ìròyìn olóṣèlú wò, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bèèrè ẹni tó ni ẹyẹ.

Ní ti Nigerian Tribune, kò sí ìfarapamọ́ kankan. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ dá a sílẹ̀ n'Ìbàdàn ní 1949. Nígbà tí ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ dé, òun ni ẹnu ẹgbẹ́. Nnamdi Azikiwe ti ní West African Pilot l'Ékòó láti 1937, Southern Nigeria Defender rẹ̀ sì ń gbèjà Alákùkọ n'Ìbàdàn. Olóyè S. L. Akíntọ́lá, tí òun náà ti ṣe olóòtú Daily Service rí, bá Awólọ́wọ̀ pínyà, ìjọba rẹ̀ sì dá Daily Sketch sílẹ̀ ní 1964. Èyí ló burú jù lójú tèmi. Owó Awólọ́wọ̀ ló ń ná sórí Tribune. Owó orí àgbẹ̀, Ọlọ́pẹ àti Dẹ́mọ̀ pọ̀, ló wà nínú Sketch.

Alhaji Lateef Jákàńdè dé Tribune ní 1953, ó di ọ̀gá àwọn olóòtú ibẹ̀ ní 1956. "John West" ló ń pe ara rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn. Ọmọ Mùsùlùmí Èkó, orúkọ Òyìnbó! Mo ti rẹ́rìn-ín sí i rí. Ṣùgbọ́n ẹ fi í wé Marchamont Nedham ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ọba àti àwọn aṣòfin ń bá ara wọn jagun. Nedham bá aṣòfin bú ọba. Ní 1647 ó yí padà, ó bá ọba bú aṣòfin. Nígbà tó ṣẹ̀wọ̀n tán, ó tún di agbẹnusọ fún ìjọba tó bẹ́ ọba náà lórí. Ọ̀jáfáfá ni nídìí kálàmù, kò sẹ́ni tó lè jiyàn ìyẹn. Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni Jákàńdè dì mú. Ó bá a dé ẹ̀wọ̀n ní 1963, kò sì jáde títí di 1966.

Àmọ́ ẹ̀bi kì í ṣe ti olóòtú nìkan. Bàbá mi sọ fún mi pé ní ìsọ̀ aránṣọ kan ní Ẹrúnmu níbí ni wọ́n ti ń ka ìwé ìròyìn fáwọn àgbẹ̀ tó ti oko kòkó dé. Gẹ̀ẹ́sì ni, aránṣọ ló ń túmọ̀, Ọlọ́pẹ paraku sì ni. Bí wọ́n bá mú Defender wá, á fo gbogbo ibi tí wọ́n ti yin Adégòkè Adélabú kọjá. Olóòtú kejì nìyẹn, tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n l'Ékòó.

Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹta, 1958, jàǹbá ọkọ̀ pa Adélabú. Àwọn èèyàn rẹ̀ ò gbà pé jàǹbá ni. Wọ́n ní Ọlọ́pẹ ló wà nídìí ẹ̀, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀, ẹ̀mí sì ṣòfò. N kò sọ pé ìwé ìròyìn ló pa wọ́n. Súratul Hujurat ní ká wádìí ìròyìn kí a má baà ṣe aláìṣẹ̀ níbi, ṣùgbọ́n ibo ni ẹni tí kò gbọ́ ju ẹnu kan lọ láti ọjọ́ yìí wá yóò ti wádìí?

Bàbá mi ní lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ò dá ìwé kíkà dúró. Wọ́n wá Alákùkọ kan tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní kó jókòó ti aránṣọ náà. Bí ọ̀kan bá fo ìlà kan, èkejì á ní kó padà.