Ta Ni Yóò Pàdé Wọn Lórí Àtẹ̀gùn? Àgbéyẹ̀wò Èrò Méjì Lórí Ìgbésùnmọ̀mí

Ní ọjọ́ Àìkú Pẹ́ńtíkọ́sì, ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2022, àwọn agbésùnmọ̀mí ya wọ ilé ìjọsìn Kátólíìkì St Francis ní Ọ̀wọ̀, wọ́n sì pa nǹkan bí 40 ènìyàn. Láti ìgbà náà, ohun tí a ń gbọ́ lórí ọ̀pọ̀ pẹpẹ ni pé Sàtánì ló wà nídìí rẹ̀. A kò jiyàn. Ogun ẹ̀mí wà. Ṣùgbọ́n bí a bá ti sọ bẹ́ẹ̀ tán, a sábà máa ń pa ìwé dé, bí ẹni pé kò sí ohun mìíràn tó yẹ kí olùṣọ́-àgùntàn mọ̀. Ìdí nìyí tí a fi gbé èrò ọ̀mọ̀wé méjì yẹ̀wò níhìn-ín.

Robert Pape, onímọ̀ ìbáṣepọ̀ láàárín orílẹ̀-èdè, kọ Dying to Win ní 2005. Ó ṣe àyẹ̀wò ìkọlù 315 tí àwọn tó fi ara wọn ṣe bọ́ǹbù ṣe láàárín 1980 sí 2003. Ó ní ẹ̀sìn kọ́ ni gbòǹgbò rẹ̀. Ète àwọn ẹgbẹ́ náà ni láti lé ọmọ ogun àjèjì kúrò lórí ilẹ̀ tí wọ́n kà sí tiwọn. Ẹ̀rí rẹ̀ tó lágbára ni Tamil Tigers ti Sri Lanka, tí kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn. Ìwé yìí ṣe wá lóore, nítorí kò jẹ́ kí a di gbogbo ẹ̀bi ru ẹ̀sìn kan. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí a gbé e dé Borno. Ọmọ ogun àjèjì wo ló gba Maiduguri kí Boko Haram tó fi bọ́ǹbù kọlu ilé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní Àbújá ní 2011? Àwọn ọmọdébìnrin tí wọ́n sì ń di bọ́ǹbù mọ́ lára láti 2014, ète wo ni tiwọn? Ẹni tó ń wo ẹgbẹ́ láti òkèèrè kò lè rí ọmọ náà.

Fathali Moghaddam, onímọ̀ ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, súnmọ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú àpilẹ̀kọ rẹ̀ ti 2005, ó fi ọ̀ràn náà wé ilé alátẹ̀gùn tó ń há bí a ti ń gòkè. Ogunlọ́gọ̀ wà nísàlẹ̀, tí wọ́n gbà pé a ń rẹ́ wọn jẹ. Díẹ̀ gòkè lọ wá ọ̀nà àbáyọ. Bí wọn kò bá rí i, ìbínú wọn á dojú kọ ọ̀tá tí ẹnìkan tọ́ka sí fún wọn. Lókè sí i, wọn á gbà pé òdodo ni ìpànìyàn, wọn á pín ayé sí àwa àti àwọn. Ní òkè téńté, ọwọ́ kò ní gbọ̀n mọ́.

Moghaddam kò sọ pé òṣì nìkan ló ń gbé ènìyàn gòkè. Bí ènìyàn ti rí ipò ara rẹ̀ ni. Nítorí náà ni àlàyé rẹ̀ fi kan Umar Farouk Abdulmutallab, ọmọ olówó tó kàwé ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, tó sì gbìyànjú láti fọ́ ọkọ̀ òfuurufú ní ọjọ́ Kérésìmesì 2009. Ó kan ilé tiwa pẹ̀lú. Michael Adebolajo, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó pa ọmọ ogun Lee Rigby ní Woolwich ní 2013, ọmọ Nàìjíríà ni àwọn òbí rẹ̀, ilé Kristẹni ni wọ́n sì ti tọ́ ọ. A kò dá ìjọ kankan lẹ́bi. Ṣùgbọ́n a kò lè sọ pé ilé ẹlòmíràn nìkan ni àtẹ̀gùn yìí wà.

Ibi tí a ti rí àléébù ni èyí: àpilẹ̀kọ náà sọ púpọ̀ nípa bí a ṣe ń gòkè, ṣùgbọ́n kò sọ púpọ̀ nípa ẹni tí yóò pàdé ọ̀kan ṣoṣo tó ti gòkè dé àárín. Ẹ ka 1 Sámúẹ́lì 25. Nábálì rẹ́ Dáfídì jẹ ní tòótọ́, ó sì bú u. Ẹni àmì òróró gbé idà, ó kó 400 ọkùnrin lẹ́yìn, ó ń lọ pa agbo ilé kan run. Òkè téńté kò jìnnà mọ́. Ábígẹ́lì pàdé rẹ̀ lọ́nà pẹ̀lú oúnjẹ. Kò sọ pé Nábálì jàre; òmùgọ̀ ló pè é. Ó gba ẹ̀dùn Dáfídì gbọ́, lẹ́yìn náà ló rán an létí ẹ̀jẹ̀ aláìṣẹ̀ tí yóò máa dá a lẹ́bi. Dáfídì sì yí padà.

Ẹ̀yin tí a fẹ́ gbé ọwọ́ lé lórí, iṣẹ́ yín nìyẹn. Bí ọ̀dọ́ kan bá wọlé wá pé, "Pásítọ̀, wọ́n ti rẹ́ mi jẹ," ẹ gbọ́ ọ tán kí ẹ tó bá ẹ̀mí kankan wí. Bí ọmọbìnrin tí wọ́n jí gbé bá bọ́, ẹ má pè é ní aya Boko Haram. Bí ìbànújẹ́ bá sì tún dé, kí oníwàásù ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Lẹ́yìn Ọ̀wọ̀, àwọn kan nínú wa wàásù bí ẹni pé gbogbo ẹ̀yà kan tàbí gbogbo Mùsùlùmí ni ọ̀tá. Ìyẹn ni àwa àti àwọn tí Moghaddam wí. Bí a bá ń wàásù bẹ́ẹ̀, àtẹ̀gùn yẹn kan náà ni a ń kọ́ sínú ilé Ọlọ́run.