Ọwọ́ Onígúdúgúdú

Ọjọ́ kejì Iléyá ni, ní Òde-Ajé, n'Íbàdàn. Ẹran àgbò ti kúrò lórí iná, àwọn ọmọdé ti da ọbẹ̀ sí aṣọ ọdún, àwọn àgbàlagbà sì ti gbé àga ike bọ́ sábẹ́ ibòji. Bí àwọn ọmọ Àyàn ṣe yọ ní ìkóríta, oníyáàlù ni gbogbo ojú ń wò. Kò burú. Ìyáàlù ló mọ orúkọ bàbá wa, ló mọ oríkì ìyá wa, oníyáàlù náà ni wọ́n sì ń lẹ owó mọ́ níwájú orí. Ọwọ́ bàbá tó dúró lẹ́yìn, tó gbé gúdúgúdú kọ́rùn, ni èmi ń wò ní tèmi.

Gúdúgúdú kò tóbi. Ó rí bí igbá kékeré tí wọ́n fi awọ bo ẹnu rẹ̀, tó kọjú sókè. Nínú àwọn ìlù dùndún, òun nìkan ni kò ní ìbàdí tóóró, kò sì ní ọsán tí alùlù lè fún kí ohùn máa lọ sókè sódò. Ìda dúdú roboto kan ló wà láàárín awọ rẹ̀, bílálà méjì tó gan ni wọ́n sì fi ń lù ú. Kì í sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ilẹ̀ má ṣe yẹ̀ lábẹ́ ẹni tí ń sọ̀rọ̀.

Òjò ti rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, awọ sì ti dẹ̀. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, bàbá gbé ìlù lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì Micra kan tí oòrùn ń pa. Ó dúró tì í. Nígbà tó yá, ó fi àtàǹpàkò tẹ ìda náà yíká, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìyá ìkókó ṣe ń tọ́jú àwùjẹ̀ ọmọ. Ó kàn án lẹ́ẹ̀kan, ó dẹ etí sí i, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe bẹ́ẹ̀ kí ó tó gbé e kọ́rùn.

Nígbà tí wọ́n ń lù, apá rẹ̀ kò gbéra rárá. Ìgbọ̀nwọ́ lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́, ọrùn ọwọ́ nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Tọ̀tún kò ga ju tòsì lọ. Mo sún mọ́ ọn, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ṣé apá ò ro yín?" Ó rẹ́rìn-ín: "Ọmọ mi, ẹni tó bá ń fi apá lù ú ni apá ń ro."

Akin Euba, onímọ̀ orin, kọ odidi ìwé kan lórí dùndún, tó jáde ní 1990. Ọba Adétóyèṣe Láóyè, Tìmì Ẹdẹ láti 1946 di 1975, a máa fọwọ́ ara rẹ̀ lùlù, ọba aládé! Iṣẹ́ yìí ní iyì, a kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè àyàn tó mọṣẹ́ lọ́wọ́ ará àdúgbò wa, oníyáàlù ni gbogbo wọn yóò dárúkọ. Ó ń dùn mí.

Ọlọ́kadà kan ló jẹ́ kí n rí bí iṣẹ́ onígúdúgúdú ṣe jinlẹ̀ tó. Ó já wọ àárín èrò, fèrè ń ké, kálukú sá sẹ́yìn, wọ́n sì gbá bàbá lápá. Bílálà ọwọ́ òsì já bọ́ sílẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún gba iṣẹ́ ọwọ́ méjì lójú ẹsẹ̀: ó kan ìda láàárín, ó kan etí awọ, ó tún padà sáàárín, wéré wéré. Oníyáàlù kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. Màmá tó ń jó níwájú rẹ̀ kò ṣi ẹsẹ̀ kan gbé. Ọmọdékùnrin kan he bílálà, ó fi í sí bàbá lọ́wọ́, òsì sì wọlé padà bí ẹni pé kò jáde rí.

Nígbà tí wọ́n pe ìrun Alásárì, ìyáàlù kọ́kọ́ dákẹ́, àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Gúdúgúdú ló dákẹ́ kẹ́yìn. Bàbá wo àyíká, ó rí ọmọ tó bá a he bílálà, ó gbé ìlù náà kọ́ ọ lọ́rùn kí ó bá òun mú un, ó sì lọ ṣe àlùwàlá.