Ẹlẹ́rìí Ni Oǹkà, Kì Í Ṣe Adájọ́

Níbi tí wọ́n bá ti ń wo bọ́ọ̀lù, àríyànjiyàn kan kì í tán níbẹ̀: bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀dọ́mọdé kan yóò di gbajúmọ̀, ẹnu ta ni ká gbọ́? Ṣé sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tí ojú rẹ̀ ti rí ni, àbí oǹkà góòlù? Mo ti fetí sí tọ̀tún-tòsì, mo sì rí i pé wọ́n jọ ń ṣi ẹjọ́ dá ni.

Ẹ jẹ́ ká mú oǹkà ná. Lọ́dún 2007, Macauley Chrisantus gbá góòlù 7 wọlé ní Gúúsù Kòríà, nínú Ife Àgbáyé àwọn ọmọ ọdún 17 sí ìsàlẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbá tó bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2015, ní Ṣílè, Victor Osimhen, ọmọ tí wọ́n bí sí Èkó, gbá 10. Jámánì làwọn méjèèjì gbà lọ: Hamburg mú Chrisantus, Wolfsburg mú Osimhen. Chrisantus kò dé ibi tí góòlù 7 yẹn ń tọ́ka sí. Osimhen ńkọ́? Òdo ló jẹ ní líìgì Jámánì. Ẹni tó bá gbójú lé oǹkà nìkan á ní ọ̀kan-ùn làwọn méjèèjì.

Ó dáa, ká gbé e fáwọn ọlọ́jú. Lọ́dún 2018, Zulte Waregem àti Club Brugge ní Bẹ́ljíọ̀m dán ọmọ yìí wò, wọ́n ní àwọn ò fẹ́. Ibà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í sílẹ̀! Ojú rí ara tó rẹ̀, kò rí ẹsẹ̀. Charleroi tó gbà á rí góòlù 20 ní sáà kan. Ní sáà 2022 sí 2023, ó gbá 26 ní líìgì Ítálì, Napoli sì gba ife líìgì náà, èyí tí wọn ò rí gbà láti 1990. Lọ́dún 2023 kan náà, òun ni wọ́n pè ní àgbà agbábọ́ọ̀lù Áfíríkà.

Ohun tó ń bí mi nínú sáwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wa nìyí: lónìí, "Kanu kejì nìyí!" Lẹ́yìn ìdíje méjì, "Ó ti tán!" Wọn ò ní sọ ibi tí ọmọ náà ń dúró sí nígbà tí bọ́ọ̀lù kò sí lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Àwọn olóǹkà náà ò ní bèèrè pé ìṣẹ́jú mélòó ló gbá, àti pé ara rẹ̀ ńkọ́. Kanu gan-an, ní Japan lọ́dún 1993, Wilson Oruma ló gbá góòlù jù nínú ìdíje yẹn, 6. Ṣùgbọ́n Kanu ló wá di àgbà agbábọ́ọ̀lù Áfíríkà ní 1996 àti 1999.

Ẹ má pè é ní eré o. Oúnjẹ ọmọ ọlọ́mọ ló wà lẹ́nu yín. Ẹlẹ́rìí ni oǹkà. Ojú tó mọ bọ́ọ̀lù ló yẹ kó jẹ́ adájọ́. Ṣùgbọ́n kí adájọ́ bi ẹlẹ́rìí léèrè dáadáa, kó sì fún ọmọ náà láyè kó tó dájọ́. Agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà ni.