«Ta Ni Ó Ní?»: Ọ̀rọ̀ Àgbọ́sọ Gẹ̀ẹ́sì ní Ọwọ́ Ògbufọ̀ Yorùbá

Ọ̀rọ̀-àpọ́nlé kan wà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń yọ àwọn ògbufọ̀ ìròyìn lẹ́nu púpọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni «allegedly». Bí akọ̀ròyìn bá kọ ọ́ pé «The man allegedly stole the money», ohun mẹ́ta ni ó sọ lẹ́ẹ̀kan náà: pé ẹnì kan fi ẹ̀sùn olè kan ọkùnrin náà, pé ẹ̀rí kò tí ì fi ìdí ẹ̀sùn náà múlẹ̀, àti pé òun akọ̀ròyìn kò fi ọwọ́ sọ̀yà pé bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó ru gbogbo ẹrù yìí. Nígbà tí ó bá di pé kí wọ́n túmọ̀ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ fún òǹkàwé ìwé ìròyìn Yorùbá tàbí fún àwọn tí ń gbọ́ rédíò, ẹrù náà a máa já bọ́ sójú ọ̀nà.

Àwọn kan a máa di ẹ̀bi èyí ru èdè Yorùbá. Wọ́n ní kò ní ọ̀rọ̀-àpọ́nlé tí ó lè ṣe iṣẹ́ yìí, nítorí náà kò tí ì tó èdè tí ènìyàn lè fi ròyìn ẹjọ́ bí ó ti yẹ. Ìdájọ́ yìí kù díẹ̀ káàtó. Òtítọ́ ni pé Yorùbá kò ní irú ọ̀rọ̀-àpọ́nlé bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó fi ń ṣe iṣẹ́ náà. Òun nìkan sì kọ́ ni ó gba ọ̀nà mìíràn. Àwọn ará Jámánì ń lo «sollen», ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà tí wọ́n fi ń sọ ohun tí ó yẹ kí ènìyàn ṣe. Àwọn ará Tọ́kì ń so àfòmọ́ «-miş» mọ́ ìdí ọ̀rọ̀-ìṣe láti fi hàn pé ẹni tí ń sọ̀rọ̀ kò fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí ó ń sọ. Àwọn ará Faransé ń sọ pé «il aurait volé», irú gbólóhùn tí Yorùbá Kétu àti ti Ṣábẹ̀ẹ́ ní ilẹ̀ Benin ń bá pàdé nínú ìròyìn èdè Faransé. Kò sí ẹni tí ó ń sọ pé àwọn èdè wọ̀nyí kò tó èdè.

Ohun tí ó kọ́kọ́ yẹ ní mímọ̀ ni pé Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò da gbogbo ọ̀rọ̀ àgbọ́sọ pọ̀. «Reportedly» ń tọ́ka sí ìròyìn, yálà rere tàbí búburú: ọba lè dé láti ìrìn-àjò «reportedly». Ẹ̀sùn ni «allegedly» ń tọ́ka sí. Bí ẹnì kan bá lò ó fún dídé ọba, ẹ̀fẹ̀ ni ó ń ṣe. Ní ti «apparently», ohun tí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ rò láti inú ohun tí ó rí tàbí tí ó gbọ́ ni. Yorùbá ní ohun tí ó bá ọ̀kọ̀ọ̀kan mu. «A gbọ́ pé» tàbí «ìròyìn sọ pé» wà fún èkíní. «Wọ́n fi ẹ̀sùn kàn án pé» wà fún èkejì. «Ó jọ pé» tàbí «ó dà bí ẹni pé» wà fún ẹ̀kẹta. Ẹni tí ó bá fi «bóyá» túmọ̀ èyíkéyìí nínú wọn ti ṣìnà, nítorí iyèméjì ni «bóyá» ń sọ. Kò sọ pé ẹnikẹ́ni fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀-ìṣe tún ní àǹfààní kan tí ọ̀rọ̀-àpọ́nlé kò ní: ó ń béèrè olùwà. «Allegedly» lè fi olùfisùn pamọ́ pátápátá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ lo «ní» gbọ́dọ̀ wí ẹni tí ó ní. Òtítọ́ ni pé «wọ́n» lè jẹ́ ìbòjú, síbẹ̀, olùgbọ́ lè béèrè pé, «Àwọn wo ni wọ́n?» Ìbéèrè yìí ni ó yẹ kí ògbufọ̀ ti béèrè kí ó tó kọ̀wé, kí ó lè kọ «àwọn ọlọ́pàá ní» tàbí «ẹni tí ó ni ṣọ́ọ̀bù ní».

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ «òun» rí. «Òjó ní òun kò jí owó náà» kò ní ju ìtumọ̀ kan lọ: Òjó ń gba ara rẹ̀ sílẹ̀. «Òjó ní kò jí owó náà» yàtọ̀: ẹlòmíràn ni Òjó ń jẹ́rìí fún. «Ojo said he did not steal the money» kò ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Èdè tí ó lè la irú ọ̀rọ̀ yìí sí méjì kì í ṣe èdè tí kò mọ ẹjọ́ rò.

Níbo ni àṣìṣe wà, nígbà náà? Ẹ wo irú ìtumọ̀ tí ó wọ́pọ̀ yìí: «Wọ́n ní káfíńtà kan fọ́ ṣọ́ọ̀bù lóru. Ó kó àpò ìrẹsì mẹ́ta lọ. Ọwọ́ tẹ olè náà ní ìdájí.» Nínú gbólóhùn kìíní, ẹ̀sùn ni. Nínú èkejì, «wọ́n ní» ti lọ, akọ̀ròyìn sì ti di ẹlẹ́rìí. Nígbà tí ó fi máa di ẹ̀kẹta, káfíńtà ti di olè. Gbólóhùn mẹ́ta péré ni wọ́n fi dá ẹjọ́ tí adájọ́ kò tí ì gbọ́. Ohun tí ó yẹ ni: «Àwọn ọlọ́pàá ní káfíńtà kan fọ́ ṣọ́ọ̀bù lóru. Wọ́n ní ó kó àpò ìrẹsì mẹ́ta lọ. Wọ́n mú un ní ìdájí.» Bí káfíńtà bá sì ti fèsì, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kí wọ́n fi kún un pé: «Òun ní òun kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.» Àwọn àgbà ti wí i pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Ọ̀rọ̀ tuntun tí ó gbòde nínú ìròyìn, «afurasí ọ̀daràn», yẹ fún àyẹ̀wò pẹ̀lú. Àfòmọ́ «a-» ohùn àárín sábà máa ń tọ́ka sí ẹni tí ń ṣe nǹkan: apẹja ń pẹja, apànìyàn ń pànìyàn. Bí ènìyàn bá tẹ̀lé òfin yìí, ọlọ́pàá ni «afurasí ọ̀daràn», nítorí òun ni ó ń fura sí ọ̀daràn. «À-» ohùn ìsàlẹ̀ ni ó sábà máa ń tọ́ka sí ẹni tàbí ohun tí wọ́n ṣe nǹkan sí, bí ó ti rí nínú «àyànfẹ́» àti «àṣàyàn». Nítorí náà «àfurasí» ni ì bá tọ̀nà jù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti ràn, àṣà a sì máa borí òfin. Ewu tí ó tóbi jù ni pé lẹ́yìn ìlà kan tàbí méjì, «afurasí» a bọ́ sílẹ̀, a sì ku «ọ̀daràn náà».

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ gírámà lásán ni èyí. Abala 36(5) nínú Òfin Ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé aláìlẹ́bi ni ẹni tí wọ́n fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kàn títí ẹ̀rí yóò fi fi hàn pé ó jẹ̀bi. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 kò sì gba ọ̀rọ̀ àgbọ́sọ wọlé ní ilé-ẹjọ́, àyàfi ní àwọn ọ̀nà tí òfin là sílẹ̀. Bí ilé-ẹjọ́ bá dá káfíńtà náà sílẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, àwọn aládùúgbò tí wọ́n ka «olè náà» kò ní gbàgbé. Ọmọ rẹ̀ ni wọn yóò máa fi bú ní ilé-ìwé.

Àwọn kan yóò sọ pé àtúnwí «wọ́n ní» a máa sú òǹkàwé. Àwọn olùkọ́ mìíràn tilẹ̀ ń fi yíǹkì pupa fa igi lé e nínú àròkọ ọmọ ilé-ìwé, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ wọn nínú àròkọ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi etí sí àgbàlagbà tí ń jíṣẹ́ ẹjọ́ tí kò ṣojú rẹ̀: «Ó ní… Ó tún ní… Èkejì ní irọ́ ni.» Kì í ṣe àìmọ̀ọ́kọ ni ó mú un tún un wí. Ó ń fi ọ̀rọ̀ olọ́rọ̀ sí ẹnu olọ́rọ̀, kí ó má baà di ti ara rẹ̀. Bí àtúnwí náà bá pọ̀ jù, «gẹ́gẹ́ bí olùpẹjọ́ ti sọ» wà, «nínú ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án» sì wà. Pípààrọ̀ ni ó yẹ kí olùkọ́ kọ́ ọmọ, kì í ṣe yíyọ kúrò.

Láti ọdún 1859, nígbà tí Ìwé Ìròyìn bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ni ìròyìn Yorùbá ti wà ní títẹ̀. Àwọn tí ń jókòó ní kíláàsì Yorùbá lónìí ni yóò kọ ti ọ̀la. Kí olùkọ́ tó fi máàkì sí iṣẹ́ ìtumọ̀ wọn, kí ó bi gbólóhùn kọ̀ọ̀kan léèrè pé: ta ni ó ní?