Ilé Tí Olówó Rẹ̀ Kì í Sí Nílé: Àríwísí Lórí Àwòrán Ilé Ìsinmi Kan ní Agbègbè Atakpamé

Àbúrò bàbá mi tí ń gbé ní Lomé fi àwòrán ilé kan ránṣẹ́ sí mi ní oṣù kẹfà. Ó fẹ́ kọ́ ilé ìsinmi sí abúlé wa, ní ìhà ìlà-oòrùn Atakpamé, níbi tí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ yóò máa dé sí ní ìgbà ọdún iṣu àti ní ìparí ọdún. Ọ́fíìsì tó ya àwòrán náà kọ ọ́ sí iwájú ìwé pé ilé yìí “ta gbòǹgbò nínú àṣà ìkọ́lé àwọn baba wa”. Nítorí pé ògiri amọ̀ ni iṣẹ́ ìwádìí mi dá lé, ó ní kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Èsì tí mo fún un nìyí, mo kàn fẹ̀ ẹ́ lójú díẹ̀ fún àwọn tí kì í ṣe ẹbí wa.

Búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì ni ògiri ilé náà. Wọ́n ní kí a fi ọ̀dà aláwọ̀ amọ̀ kùn ún. Páànù ló wà lórí rẹ̀, wọ́n sì gbé ògiri kékeré yí páànù náà ká kí ojú má baà rí i. Ní igun kan, ilé roboto kan dúró, tí orí rẹ̀ ṣe ṣónṣó. Mo mọ ibi tí ìyẹn ti wá: takienta àwọn Batammariba ní Koutammakou ni, ní àríwá jíjìn, ibi tí UNESCO kọ mọ́ ara ohun àjogúnbá ayé ní ọdún 2004. Inú irú ilé roboto bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kó ọkà sí níbẹ̀. Ní abúlé wa, inú rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ kí ẹ̀rọ omi wà. Ó dà bí ẹni tó kọ ilà ìdílé ẹlòmíràn sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ara rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ àṣà Atakpamé kò ṣòro láti rí. Orúkọ ìlú náà ti di orúkọ ògiri. Ní Gánà, “atakpamé” ni àwọn oníṣẹ́ ilé ń pe ògiri amọ̀ tí a mọ láìlo bíríkì: a ó po amọ̀, a ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, a ó ṣù ú, a ó máa to ìṣù rẹ̀ lé ara wọn títí yóò fi ga tó nǹkan bí ìdajì mítà, a ó sì fi í sílẹ̀ kó gbẹ kí ipele kejì tó gùn ún. Faransé ni mo fi kàwé. Mo ti mọ ọ̀rọ̀ náà “vernaculaire” tipẹ́ kí n tó mọ̀ pé ìyá àgbà mi mọ ipele ilé rẹ̀ bí ẹni mọ ọjọ́ orí ọmọ. Márùn-ún ni. Ó mọ èyí tí òjò bá ní tútù, a sì máa fi ọ̀pá rẹ̀ kàn án.

Mi ò sọ pé kí a kàn yọ búlọ́ọ̀kù kúrò kí a fi amọ̀ rọ́pò rẹ̀ o. Èmi náà ti kọ irú rẹ̀ rí nínú iṣẹ́ máṣítà mi, mo sì ti yí ọkàn padà. Ohun tó ń jẹ ògiri amọ̀ ni ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ tó ń ta sí ìdí rẹ̀ lọ́dọọdún, àti ikán, àti páànù tí atẹ́gùn ṣí létí tí ẹnikẹ́ni kò rí. Ilé ìyá àgbà dúró nítorí pé ẹnì kan ń sùn nínú rẹ̀. Bó bá rí ojú ọ̀nà ikán lówùúrọ̀, yóò ti nù ún kúrò kí oòrùn tó mú. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn obìnrin ilé a tún ibi tó bó rẹ́. Ilé ìsinmi wá ni ilé tí olówó rẹ̀ kì í sí nílé fún oṣù mọ́kànlá. Bí a bá fi amọ̀ kọ́ ọ tí a sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, òjò ọdún mélòó ni yóò fara dà?

Gbogbo wa la máa ń tọ́ka sí ilé ẹ̀kọ́ tí Francis Kéré kọ́ sí Gando ní Burkina Faso ní 2001, tó gba ẹ̀bùn Aga Khan ní 2004. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Òrùlé páànù rẹ̀ ga kúrò lórí ilé, etí rẹ̀ sì yọ síta láti dáàbò bo bíríkì amọ̀ tó wà nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ ni. Àwọn ará abúlé ló bá a kọ́ ọ, ọmọ àti olùkọ́ sì ń wọ ibẹ̀. Ẹni tó bá wo fọ́tò rẹ̀ nìkan kò ní rí wọn.

Ohun tó ká mi lára jù wà lójú ewé kẹrin. Wọ́n fi ìlà pupa yí ilé ìyá àgbà ká, wọ́n kọ “à démolir” sí i: ẹ wó o. Ibẹ̀ ni mọ́tò yóò máa dúró sí. Ìyá àgbà ti kú, àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan àti ọkọ rẹ̀ ń gbé ibẹ̀. Ẹni tí ì bá máa ṣọ́ ilé tuntun náà gan-an ni àwòrán yìí kọ́kọ́ lé jáde.

Mo yé ohun tí Tọ́ńtọ́n ń bẹ̀rù. Ẹni tó lọ sí Lomé fún ọgbọ̀n ọdún tó wá padà kọ́ ilé amọ̀, àwọn ará ilé á ní kò rí ṣe. Nítorí náà, ohun tí mo yà padà fún un kò le koko. Kí ilé àtijọ́ dúró, kí a fi òkúta gbá ìdí rẹ̀, kí a fa etí páànù rẹ̀ síta dáadáa. Kí yàrá mẹ́ta tirẹ̀ dojú kọ àgbàlá kan náà, kí ọ̀dẹ̀dẹ̀ so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Kí ògiri jẹ́ amọ̀ níbi tí ojú ẹni tó ń gbé ilé ń dé lójoojúmọ́, kó jẹ́ búlọ́ọ̀kù níbi tí kò dé. Àwọn olùkọ́ mi kan kò ní fẹ́ràn gbólóhùn yẹn.

Ó pè mí lórí fóònù. “Ọmọ mi, ilé ìsinmi ni mo ní kí o bá mi wò, àbí ilé ẹbí?”

“Ẹ má bínú, Tọ́ńtọ́n, mi ò mọ bí a ṣe ń yà wọ́n sọ́tọ̀ ní abúlé wa.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun yóò rò ó. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kan ilé ìyá àgbà. Wọ́n ti já búlọ́ọ̀kù igba sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ̀gbọ́n mi sì ń sá gbágùúdá lé e lórí.