Iyọ̀, Kán-ún àti Álọ́ọ̀mù: Àríwísí lórí Èdè tí Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ fi ń Ṣe Àyẹ̀wò Èròjà

Ohun mẹ́ta kan wà tí a ń tà ní ọjà Ìsìkàn ní Àkúrẹ́, gẹ́gẹ́ bí a ti ń tà wọ́n káàkiri ilẹ̀ Yorùbá: iyọ̀, kán-ún àti álọ́ọ̀mù. Bí a bá mú èyí tí ó funfun nínú kán-ún, tí a sì lọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúnná, ojú lásán lè má tètè dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Síbẹ̀ obìnrin tí ń tà wọ́n kì í ṣì wọ́n tà. Ìlò ni ó fi pín wọn. Iyọ̀ ni ti ọbẹ̀. Kán-ún ni ti ilá àti ti ẹ̀wà tí kò fẹ́ jinná. Álọ́ọ̀mù ni ti omi tí ó rú tí a fẹ́ kí ó tòrò. Ṣùgbọ́n bí a bá kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí yàrá àyẹ̀wò, olùkọ́ kẹ́mísírì yóò sọ pé ẹbí kan náà ni wọ́n, nítorí pé ìṣesí àwọn èròjà ni òun fi ń pín wọn, kì í ṣe ìlò wọn. Ìpín méjèèjì ni ó tọ̀nà ní àyè tirẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí ni èdè tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa fi ń ṣe iṣẹ́ ìdámọ̀ yìí. Àwọn kan ń sọ pé èdè Yorùbá kò tó o ṣe. Àwọn mìíràn ń sọ pé ó tó o ṣe tán, kí a ṣáà túmọ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ pátá. Èmi kò gbà pẹ̀lú apá kìíní, n kò sì gbà pẹ̀lú apá kejì.

Gbogbo ẹni tí ó ti ṣe ìdánwò WAEC nínú ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì ni ó mọ àtẹ olópòó mẹ́ta tí a ń kọ iṣẹ́ náà sí. Òpó kìíní ni Àyẹ̀wò, èyíinì ni ohun tí a ṣe. Òpó kejì ni Àkíyèsí, ohun tí a rí. Òpó kẹta ni Ìfàyọ, ohun tí a gbà pé ó fa èyí tí a rí. Ẹ jẹ́ kí a fi ẹrù ọjà wa dán an wò. Bí a bá kán ásíìdì sí omi kán-ún, yóò hó yààyàà, afẹ́fẹ́ tí ó ti ibẹ̀ jáde yóò sì sọ láìmúwọ́tà di funfun bí omi ògì: kábọ́nétì ni a fà yọ. Bí a bá kán ásíìdì náítríìkì àti sílífà náítréètì sí omi iyọ̀, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun yóò yọ, yóò sì tún yòrò bí a bá da amóníà lé e: kílóráìdì ni. Ti álọ́ọ̀mù gba sùúrù. Bí a bá ń kán sódíọ̀mù háídírọ́ksáìdì sí omi rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun kan yóò yọ, tí ó rọ̀ bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì. Bí a kò bá dá ọwọ́ dúró, yóò tún pòórá. A fà á yọ pé alumíníọ̀mù lè wà níbẹ̀. Mo ní "lè wà", nítorí pé síńkì àti òjé náà a máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ó di ìgbà tí àyẹ̀wò mìíràn bá yọ wọ́n kúrò kí a tó lè sọ ọ́ dájú.

Àléébù tí ó wọ́pọ̀ jù lọ nínú iṣẹ́ yìí ni pé akẹ́kọ̀ọ́ a máa ti inú òpó kẹta kọ òpó kejì. Ó ti há ìdáhùn sórí kí ó tó gbójú sókè wo ohun tí ó wà níwájú rẹ̀. Ẹ wo eérú èèpo kòkó, tí a fi ń se ọṣẹ dúdú ní àgbègbè Òndó. Pòtáṣíọ̀mù pọ̀ nínú rẹ̀ gidigidi. Ìwé sì sọ pé pòtáṣíọ̀mù a máa sọ iná di àwọ̀ lílákì. Òdòdó ilẹ̀ olótùútù ni lílákì. Kì í ṣe ohun tí ọmọ Àkúrẹ́ ń rí lójú ọ̀nà oko. Èyí tí ó burú jù ni pé bí sódíọ̀mù díẹ̀ bá wà nínú eérú náà, àwọ̀ ìyeyè rẹ̀ yóò bo ti pòtáṣíọ̀mù mọ́lẹ̀, àfi bí a bá fi gíláàsì búlúù tí ó ní kóbọ́ọ̀tì nínú wo iná náà. Akẹ́kọ̀ọ́ rí ìyeyè. Ó kọ lílákì. A sì fún un ní máàkì. Ohun tí ojú wá ni ojú rí. Irọ́ ni a fi kọ́ ọmọ náà, a sì pe irọ́ náà ní sáyẹ́ǹsì.

A ti gbọ́ ọ títí pé àwọ̀ mẹ́ta péré, dúdú, funfun àti pupa, ni Yorùbá mọ̀, pé bẹ́ẹ̀ ni kò ṣe lè sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ìgò àyẹ̀wò. Lóòótọ́, mẹ́ta yìí ni ìpìlẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ń ṣe níbẹ̀? Ó fi iná kálísíọ̀mù wé bíríkì, ó fi ti báríọ̀mù wé èso ápù, ó fi láìmúwọ́tà tí ó rú wé wàrà. Àfiwé ni gbogbo wọn. Nígbà tí Bunsen àti Kirchhoff fi ìlà àwọ̀ inú ìmọ́lẹ̀ iná rí èròjà tuntun méjì ní Heidelberg ní ọdún 1860 àti 1861, ọ̀rọ̀ Látìn fún àwọ̀ ojú ọ̀run ni wọ́n fi sọ ọ̀kan ní sísíọ̀mù, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ fún àwọ̀ pupa sọ èkejì ní rùbídíọ̀mù. Kò sí ohun tí ó dí àwa náà lọ́wọ́. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ irin tí àmì rẹ̀ jẹ́ II ní àwọ̀ ewé bí omi tí ewé rà sí. Ti irin tí àmì rẹ̀ jẹ́ III pupa bí irin tí ó dógùn-ún, èyí kì í sì í ṣe àfiwé lásán, nítorí pé ìbátan rẹ̀ gan-an ni ìdógùn-ún. Bákan náà ni a mọ ìyàtọ̀ láàrin òrí tí ó yọ́ nínú oòrùn àti iyọ̀ tí ó yòrò nínú omi, láàrin omi tí ó rú àti omi tí ó tòrò. Ní òpó kejì, Yorùbá tó o ṣe.

Ní òpó kẹta, ọ̀rọ̀ yí padà, níbẹ̀ sì ni mo ti yapa sí àwọn olùtumọ̀ wa. Bí a bá kọ "iyọ̀" lásán fún gbogbo ẹbí náà, a ti fi orúkọ ohun jíjẹ pe kọ́pà sọ́féètì, tí ó jẹ́ májèlé. Ilẹ̀ Yúróòpù ti jẹ irú ìyà yìí rí: ìrísí àti ìlò ni wọ́n fi ń sọ àwọn nǹkan lórúkọ, tí wọ́n fi ń pe ásíìdì tí kò ní ẹ̀kán òróró kan nínú ní òróró fítíríọ́ọ̀lù. Ní ọdún 1787, ní Paris, Lavoisier àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta gbé ìlànà tuntun jáde, pé kí orúkọ èròjà máa sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ orúkọ òpó kẹta nìyẹn. Ó yẹ kí a gba kílóráìdì, kábọ́nétì àti sọ́féètì wọlé bí ayé ti ń pè wọ́n, kí a sì máa sọ "ẹbí iyọ̀" nígbà tí a kò bá sọ ti ọbẹ̀.

Kì í ṣe pé a kò tíì ṣe nǹkan kan. Ní ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ Modákẹ́kẹ́ fún ọdún mẹ́fà, àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú. Ní ọdún 1984 ni ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde. Ti ìkíní dúró ní ẹnu ọ̀nà girama. Ti ìkejì jẹ́ ti èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Ìjọba àpapọ̀ pẹ̀lú fi àṣẹ sí èdè abínibí fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ní 2022, ó sì fagi lé e ní 2025. Ṣùgbọ́n kò sí àṣẹ kankan tí ó ní kí olùkọ́ má ṣe bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè pé: kí ni o rí?

Nítorí náà, mo dá a lábàá pé kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ó rí, ní Yorùbá tàbí ní ẹ̀ka-èdè Àkúrẹ́ tàbí ti Òndó, kí ó tó kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì tí ìdánwò ń fẹ́. Bí iná eérú bá jẹ́ ìyeyè, kí ó kọ ìyeyè, kí olùkọ́ sì fún un ní máàkì rẹ̀, kí ó wá kọ́ ọ bí a ti ń lo gíláàsì búlúù. Ti ẹgbẹ́ wa ni kí a lọ bá àwọn aláró, àwọn ọlọ́ṣẹ àti àwọn alágbẹ̀dẹ, kí a kó àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń sọ àwọ̀, híhó àti títòrò jọ, nítorí pé àwọn wọ̀nyí ti ń wo ìyípadà èròjà láti ìgbà tí kò tíì sí yàrá àyẹ̀wò kankan ní àárín wa.