Wo Ilẹ̀ Kí O Tó Wo Ojú

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ fọ́tò ní Òkè-Bọ́lá, n'Ìbàdàn, kì í gbé kámẹ́rà kó tó wo ilẹ̀. Oníbàárà á ti wọlé, á ti jókòó, á máa tún fìlà rẹ̀ dé; Ọ̀gá kò tíì wo ojú rẹ̀. Ilẹ̀ ló ń wò. Láràárọ̀ ni àwa ọmọ iṣẹ́ máa ń fi omi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì gbo sìmẹ́ńtì ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ṣọ́ọ̀bù títí yóò fi funfun. Ìmọ́tótó la pè é. Ọjọ́ tí Ọ̀gá là á yé wa la tó mọ̀ pé iná rẹ̀ la ń fọ̀. Òòrùn á bà sórí sìmẹ́ńtì níwájú oníbàárà tó jókòó sábẹ́ ìbòòji, sìmẹ́ńtì á dá a padà, ìmọ́lẹ̀ náà á gba abẹ́ àgbọ̀n gòkè dé ẹyinjú. Ó ní fíláàṣì, ṣùgbọ́n inú àpótí ló máa ń wà.

Ọ̀gá kò dé Ìlú Ọba títí ó fi kú. Síbẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni mò ń ṣe bí àwọn ọmọ wa tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù àti Essex bá ń ṣe ìgbéyàwó ní ilé Hylands, lẹ́bàá Chelmsford. Nǹkan bí ọdún 1730 ni wọ́n kọ́ ilé náà fún adájọ́ kan, Sir John Comyns. Bíríkì pupa ni nígbà náà, àwọn tó ni ín lẹ́yìn rẹ̀ ló sọ ọ́ di funfun, tí wọ́n sì gbé òpó ràgàjì síwájú rẹ̀. Humphry Repton, àgbà nínú àwọn tó ń to ọgbà fún àwọn olówó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló bá wọn tún ilẹ̀ ibẹ̀ tò. Mo fẹ́ràn Repton nítorí pé ó mọ àwòrán lò. Á kun àwòrán ilẹ̀ bó ṣe fẹ́ kó dà, á lẹ pépà tó fi bó ṣe wà hàn bò ó. Bí oníbàárà bá ṣí pépà yẹn, á rí bí ilẹ̀ náà yóò ti rí lẹ́yìn iṣẹ́. Ìjọba ìbílẹ̀ ló ra Hylands ní 1966. Òfin ìgbéyàwó tí wọ́n ṣe ní 1994 ló sì ṣílẹ̀kùn irú ilé bẹ́ẹ̀ fún ìgbéyàwó ìjọba. Kó tó dìgbà náà, ilé ìjọsìn tàbí ọ́fíìsì rẹ́jísírì ni tọkọtaya ń lọ.

Koríko ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń torí ẹ̀ wá sí Hylands. Kí ọkọ̀ ìyàwó tó dúró tán ni ìyàwó á ti na ọwọ́: "Ẹ̀gbọ́n, orí pápá yẹn ni kí ẹ ti yà wá o." Mo máa ń dáhùn pé ó dáa, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ mú wọn lọ. Koríko dùn-ún wò lọ́ọ̀ọ́kán, kò dùn lábẹ́ àgbọ̀n. Bí òòrùn bá bà á, àwọ̀ ewé ló ń dá padà, àwọ̀ ewé yẹn á sì gun ara aṣọ funfun, á gun ọrùn, á gun abẹ́ imú. Ara dúdú wa kì í gbà á dáadáa. Ojú tó ń dán bí epo á wá rí bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn. Ẹni tó bá sì fẹ́ fi kọ̀ǹpútà yọ ọ́ kúrò lójú ìyàwó, igi àti òdòdó ọgbà náà ni yóò sọ di ewé gbígbẹ.

Òkúta wẹẹrẹ ni mo máa ń wá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé àtayébáyé yìí ló ní ojú ọ̀nà tí wọ́n da òkúta wẹẹrẹ sí, tó pọ́n díẹ̀ bí ìyanrìn etí odò. Mo máa ń dé kí àlejò tó dé, màá rìn yí ilé ká, màá máa wo ibi tí òjìji ògiri parí sí. Ẹnu ààlà yẹn ni gbogbo iṣẹ́ wà. Ìyàwó á dúró sínú òjìji, kí òòrùn má kàn án lórí, ṣùgbọ́n òkúta tó wà níwájú rẹ̀, bí ìṣísẹ̀ méjì sí mẹ́ta, á wà nínú òòrùn. Màá ní kó kọjú sí i. Ìmọ́lẹ̀ á wá ti ilẹ̀ gòkè, yóò gbòòrò, yóò rọ̀, yóò sì ní ooru díẹ̀ nínú.

Ara dúdú, bí a bá fi iná kékeré tó le kàn án, ojú ibì kan ṣoṣo ni yóò máa kọ mànà, ìyókù á rì. Bí ìmọ́lẹ̀ bá gbòòrò, ara náà á gbà á káàkiri: ẹ̀rẹ̀kẹ́ á yọ, ìlà ètè á yọ, ilà ojú Bàbá pàápàá á ka ara rẹ̀ fún ẹni tó ń wò ó. Ọ̀gá máa ń wí fún wa pé ojú ènìyàn kò dúdú jù rí, ibi tí onífọ́tò dá a dúró sí ni kò dáa.

Wọ́n lè ní n'Ìbàdàn nìkan ni ọgbọ́n yìí wúlò, níbi tí òòrùn ọ̀sán ti ń dúró sórí ènìyàn gangan. Lóòótọ́, òòrùn Essex kì í gun òkè tó bẹ́ẹ̀. Nínú oṣù kẹfà, aago 9 alẹ́ á kọjá kó tó wọ̀. Nínú oṣù kejìlá, kì í dúró de aago 4 ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n gèlè ń bẹ. Gèlè tí wọ́n ń wé lóde òní, tó tẹ́ bí abẹ̀bẹ̀ tó sì yọ síwájú, òrùlé ló jẹ́ fún ojú. Kódà lábẹ́ ìkúukùu, òkè ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wá, gèlè á sì dá a dúró. Ìmọ́lẹ̀ ilẹ̀ nìkan ló mọ ọ̀nà abẹ́ gèlè. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún fìlà tí ọkọ ìyàwó gẹ̀.

Aṣọ náà sì ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Nínú àwọn aṣọ-òkè àgbà, ètù ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì, kì í dá nǹkan kan padà. Àlàárì á da pupa sára ẹni tó bá fara tì í. Sányán ni ọ̀rẹ́ onífọ́tò. Bí ìyá ìyàwó bá wọ sányán, ẹ̀gbẹ́ ọmọ rẹ̀ ni mo máa ń fi í sí, ní apá ibi tí ìmọ́lẹ̀ kò pọ̀ sí, kí aṣọ rẹ̀ lè yá ọmọ ní díẹ̀. Bàbá tó wọ ètù, iwájú ibi tí òkúta ti mọ́lẹ̀ jù ni tirẹ̀. Àwọn ẹbí á rò pé mò ń tò wọ́n bí ipò ṣe tẹ̀lé ara wọn, mo sì máa ń ṣọ́ra kí n má ṣe fi ti aṣọ ba ti ipò jẹ́, nítorí àgbà ni yóò jókòó láàárín.

Ìgbà tí ó ṣòro jù ni ìgbà tí ìyàwó bá kúnlẹ̀ fún àdúrà. Inú gbọ̀ngàn ni, kì í ṣe ìta. Alága á ti ní kó forí balẹ̀, ọwọ́ àwọn òbí á ti wà lórí gèlè, ojú rẹ̀ á sì dojú kọ ilẹ̀ pátápátá. Ibẹ̀ ni omijé ti ń bọ́. Onífọ́tò tó bá gbé fíláàṣì sókè, ẹ̀yìn gèlè ni yóò yà. Mo máa ń bẹ àwọn alága kí ètò tó bẹ̀rẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí n tẹ́ aṣọ funfun fẹ̀ẹ̀ sílẹ̀ níwájú àga àwọn òbí, kí wọ́n sì gbé àga ọ̀hún sún mọ́ fèrèsé. Wọ́n á rò pé ti ọ̀ṣọ́ ni. Bí ọmọ náà bá ti kúnlẹ̀, aṣọ funfun á gba ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, á fi lé e lójú.

Ọ̀dọ̀ Ọ̀gá ni aṣọ funfun yẹn ti wá, ìbejì ló ń lò ó fún. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú tí wọn kò tíì ya àwọn méjèèjì pọ̀, àwọn òbí á mú èyí tó kù wá. Ọ̀gá á yà á, á tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan, kí Táyé àti Kẹ́hìndé lè jókòó pọ̀. Bí wọn kò bá jọ jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, á ní kí wọ́n pààrọ̀ aṣọ fún ọmọ náà, á sì yà á lẹ́ẹ̀kejì. Ìmọ́lẹ̀ ojú méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àbùkù á hàn láàárín. Ó máa ń tẹ́ aṣọ funfun náà fúnra rẹ̀, kì í jẹ́ ká bá a fọwọ́ kàn án, kì í sì í sọ̀rọ̀ títí yóò fi parí. Nínú yàrá òkùnkùn, ọwọ́ rẹ̀ ló fi ń ṣíji bo ojú ọmọ lábẹ́ iná ẹ̀rọ, kó má bàa dúdú jù. Mo ti rí ìyá kan tó gba irú àwòrán bẹ́ẹ̀, tó fi ọwọ́ kan ọmọ apá òsì, tó sì pe orúkọ rẹ̀.

Nígbà tí Ọ̀gá ń ṣe gbogbo èyí, fíìmù kò bá a ṣe é. Káàdì tí Kodak fi ń ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìfọ̀ fíìmù kí wọ́n lè fi díwọ̀n àwọ̀, òyìnbó obìnrin ló wà lórí rẹ̀. Shirley ni wọ́n ń pè é. Ara tirẹ̀ ni wọ́n sọ di òṣùwọ̀n. Ìgbà tí àwọn tó ń ta ṣokoléètì àti àga onígi fi ẹjọ́ sùn pé àwọ̀ ọjà àwọn kò jáde dáadáa ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tún fíìmù náà ṣe fún àwọ̀ dúdú. Kámẹ́rà òde òní gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó lágbára láti rí gbogbo dúdú tó wà nínú dúdú. Ìdí nìyẹn tó fi ń bí mi nínú láti rí àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà họ àwọ̀ kúrò lójú ìyàwó. Ìwọ̀n àwọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń dà bo gbogbo ìgbéyàwó, pápá Essex á di aláwọ̀ ìpẹ̀tà, ìyàwó á di ẹlòmíràn. Wọ́n á fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́tò ránṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, kò ní sí ọ̀kan tí ìyá rẹ̀ lè gbé kọ́ ògiri. Shirley ni wọ́n ṣì ń sìn.

Ilé funfun bíi Hylands tún máa ń tan kámẹ́rà jẹ. Yóò rí ògiri, yóò rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, yóò pa ojú dé, ojú ènìyàn á sì di èédú. Ẹni tó bá fi ẹ̀rọ sílẹ̀ kó dá ṣe é, ògiri ló yà. Ojú ni kí a wọ̀n, kí ògiri máa funfun lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìgbéyàwó sí irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ yọ ìdajì wákàtí kan sílẹ̀ fún onífọ́tò yín nínú ètò ọjọ́ náà, kí ẹ má sì jẹ́ kí olótùú ètò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ béèrè bóyá yóò wá rin ilẹ̀ ibẹ̀ kí ọjọ́ tó pé. Ẹ ní kó fi fọ́tò àwọn ìyá àgbà tó ti yà hàn yín, kì í ṣe ti ìyàwó nìkan. Bí ojú wọn bá funfun ju ọwọ́ wọn lọ, ẹ wá ẹlòmíràn.